Híńdì Tí Suwaibat Fi Orin Kọ́

Bí ẹ bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi Suwaibat ti kọ́ èdè Híńdì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Kò lọ sí ibì kankan. Amùkòkò ni wọ́n bí i sí, Amùkòkò náà ló ń gbé títí di òní, nínú yàrá méjì tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Orin ló kọ́ ọ. Orin inú fíìmù Íńdíà, ẹ mọ̀ wọ́n, èyí tí ọkùnrin á máa lé obìnrin yí igi po, tí òjò á dédé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé òun ń lọ ká aṣọ lórí okùn.

Èmi ni Phoebe, ìyá Ṣayọ̀. Èmi àti Suwaibat la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road ní Àpápá, níbi tí ọ̀gá wa, ará Íńdíà, ti ń ta abọ́ onírin, ìkòkò àti kúlà fún àwọn alárobọ̀. Mo fi díẹ̀ jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Aǹtí. Ènìyàn tútù ni, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ̀ ọ́ lára, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá dùn mí, mo máa ń pariwo ni, lẹ́yìn náà mo máa lọ jẹun.

Nígbà tó wà ní kékeré, obìnrin kan wà ní àdúgbò wọn tó máa ń fi fídíò han àwọn ọmọdé ní pálọ̀ rẹ̀. Ìjà làwọn yòókù ń dúró dè. Orin ni Suwaibat ń dúró dè ní tiẹ̀. Ó ń lọ sí ilé kéú nígbà náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ kéú náà ló sì gbà kọ́ orin: ohùn lákọ̀ọ́kọ́, ìtumọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá lọ ilé kéú mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ á ti ka Kùránì láti orí dé ìdí kó tó mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Suwaibat há orin Íńdíà rẹpẹtẹ sórí, ó ń kọ wọ́n geere, kò sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ìgbà tí fóònù olójú gbàgàdà dé ni ìtumọ̀ wá dé. Àwọn kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn orin yẹn sórí fóònù ní ABD, wọ́n á sì kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sábẹ́. Bí a bá ń to abọ́, íápíìsì á wà ní etí rẹ̀ kan, etí kejì ló fi ń gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ tí orin kan bá sọ, tí orin kejì àti ìkẹta tún sọ, òun ló máa ń dì mú. Díìlì, ọkàn ni. Zíndàgí, ayé ẹni ni. Àńsù, omijé ni. Ó mọ lọ, ó mọ padà wá, ó mọ má gbàgbé mi, ó mọ ikú dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Híńdì olólùfẹ́ àti Híńdì ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ta ló ti kọ orin nípa ìgbálẹ̀ rí? Orin wo ló kọ́ni bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́? Suwaibat lè bá ènìyàn sunkún ní Híńdì, kò lè bá a ná ọjà.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ìyá ọ̀gá wa dé láti Íńdíà. Arúgbó tín-ín-rín kan báyìí ni, tó máa ń wọ aṣọ funfun gígùn wọn yẹn, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Mà-jí ni ọmọ rẹ̀ ń pè é, ohun tí gbogbo wa náà sì ń pè é nìyẹn. Wọ́n á gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, á jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní ráyè tiẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ọjọ́ tí Suwaibat kọ́kọ́ gboyà láti bá a sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan tó jẹ́ pé, bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ohun tó wí ni pé: "Ayé mi, ṣé ọkàn rẹ ń fẹ́ tíì?" Mà-jí la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Bí Mà-jí bá kọ orin, Suwaibat á gbè é. Bí Suwaibat bá sọ̀rọ̀, Mà-jí á rẹ́rìn-ín, á tún un ṣe fún un. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wàhálà wọlé. Suwaibat ń nu abọ́, ó sì ń kọ orin kan jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Kì í ṣe orin tó kọ́ nínú fóònù. Orin ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orin yìí kó yé yín. Ìyá Suwaibat, Àlájà Àsíátù, ló dá àsàlátù kan sílẹ̀ ní Amùkòkò, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó máa ń pàdé láàárọ̀ Sọ́ńdè láti ṣe àdúrà, láti kọrin, àti láti bá ara wọn gbé ẹrù ayé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Òun náà ló ṣe orin tí ẹgbẹ́ náà ń kọ: *Ọba tó fún mi, má gbà á lọ́wọ́ mi, ohun tí mo gbé dání, bá mi gbé e.* Ohùn orin Íńdíà kan ló fi ṣe é, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn, kò sì jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ olórin Mùsùlùmí ló ti yá ohùn Íńdíà rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ fíìmù tó ti wá. Ìkómọ ni o, ìsìnkú ni o, kí wọ́n máa sin ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ni o, orin yẹn ni wọn á kọ. Ìgbàgbọ́ làwọn obìnrin náà sọ pé ó ń tọ́ka sí, pé kí Ọlọ́hun má gbà á lọ́wọ́ àwọn. Suwaibat ti wá orin náà lórí fóònù títí, kò rí i, torí ohùn nìkan ló ní, kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́sàn-án yẹn, a ṣàdédé gbọ́ ohùn kejì. Mà-jí ni. Ó ti dìde lórí àga. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó di ojú, ó sì ń fi Híńdì kọ orin àwọn àsàlátù Amùkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Inú Suwaibat dùn débi pé ó sọ abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mà-jí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bi í ní nǹkan kan kíákíá. Nínú gbogbo rẹ̀, ilé, orin àti ọkàn nìkan ni Suwaibat gbọ́. Ó dáhùn pé: "Hàn, Mà-jí." Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ló wí. Ẹni tó bá wà nínú èdè tí kò gbọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń yá a lẹ́nu jù. Mà-jí gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni ń súre fún ọmọ.

A lọ jẹun lẹ́yìn kúlà, ibi tí a máa ń jókòó sí. Suwaibat fi ọ̀rọ̀ tí Mà-jí fi bẹ̀rẹ̀ orin náà wá a lórí fóònù, ó sì jáde wàrà. Fíìmù àtijọ́ ni. Mo na ọrùn. Obìnrin kan ló gbé ọmọ kékeré kan tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ère kan tó wọ góòlù, tó lọ́wọ́ púpọ̀, tí òdòdó àti àtùpà yí ká. Ó pa ọwọ́ pọ̀ bí Mà-jí ṣe pa á pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Suwaibat wo Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò jẹ́ kó kọjá ìlà kejì tó fi pa fóònù náà.

"Aǹtí, ẹ ò rí nǹkan kan o," ó ní.

"Mo rí i."

"Ère ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Aǹtí, ère ni! Ọdún tó lé lọ́gbọ̀n!" Ìgbà yẹn ló wá yé e ohun tí Mà-jí bi í. "Ó bi mí pé ṣé àwa náà ń bọ ọ́ nílé wa. Mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Yéè, mo gbé!"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ohùn ni ìyá rẹ̀ mú, kò mú ère. Mo ní kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, ohùn fújì ni wọ́n fi ń yin Jésù lóṣooṣù, ọ̀run kò tíì já.

"Ẹ ò mọ Ààfáà Lùkúmọ̀n ni," ó ní.

Ààfáà Lùkúmọ̀n ni ààfáà tuntun tó gba mọ́sáláṣí wọn lẹ́yìn tí ààfáà àgbà kú. Ó kàwé dé ilẹ̀ Lárúbáwá. Ènìyàn dáadáa ni, wọ́n ní kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ tálákà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin máa ń bí i nínú. Ó ti ní kí àsàlátù náà jáwọ́ nínú orin kan torí pé ohùn olórin tó ń kọrin nílé ọtí ni. Ó ní ìkòkò tí wọ́n bá fi se ẹlẹ́dẹ̀, a kì í fi se oúnjẹ sààrà. Tó bá ti rí báyẹn lórí ohùn ilé ọtí, kí ló máa sọ sí ti òrìṣà? Wọ́n sì ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọdún àsàlátù náà ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ààfáà á wà níbẹ̀. Wọn á gbé Àlájà Àsíátù jókòó níwájú, wọn á yẹ́ ẹ sí, òun fúnra rẹ̀ á sì dá orin náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ojú ń ṣe bàìbàì, kò sí ohun tó kù tó ń ṣe láyé ju àsàlátù yẹn lọ.

"Bí wọ́n bá gbọ́," Suwaibat ní, "wọ́n á ní ìyá mi ló kó gbogbo obìnrin Amùkòkò sínú ẹbọ. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, Aǹtí. Lójú gbogbo ayé."

Lọ́jọ́ kejì, Ovie, dẹ́rẹ́bà ọ̀gá wa, wá bá wa nídìí ẹrù. Ó ní: "Aunty Suwé, Mama say make I carry am go Amukoko on Sunday. She say una go sing for am. She don send me go find flower and coconut." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un, Ovie fúnra rẹ̀ ló sì ti sọ fún wọn pé Sọ́ńdè ni àsàlátù máa ń pàdé. Suwaibat rọra jókòó sórí páálí abọ́.

Mo ti rí ẹ̀rù rí, ṣùgbọ́n irú èyí tó mú Suwaibat lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò rí i rí. Àti òdòdó àti àgbọn, níwájú mọ́sáláṣí! Ó ní òun máa ṣàlàyé fún Mà-jí. Ó jókòó lẹ́yìn kúlà, ó ń wá Híńdì jọ látinú gbogbo orin tó mọ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà nínú òkúta. Kò sí orin tó kọ́ ọ ní "a yá ohùn yín lò ni." Kò sí èyí tó kọ́ ọ ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá." Ohun tó rí kó jọ ní ìgbẹ̀yìn ni pé orin kan ni, ọkàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó lọ sọ ọ́ fún Mà-jí. Mà-jí wò ó títí, omi lé sí i lójú, ó sì gbá a mọ́ra. Ó rò pé ewì ni.

"Lọ bá ọ̀gá, kó bá ẹ ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀," mo ní.

"Kí n sọ fún un pé mo purọ́ fún ìyá ẹ̀? Ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin àsàlátù lọ. Ó ní ṣé kò ní dáa kí wọ́n kọ́ orin tuntun fún ayẹyẹ náà. Wọ́n wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀kan nínú wọn, Sàfíátù tó ń rán aṣọ, bi í pé ṣé òun àti ìyá rẹ̀ ń jà ni. Ó ṣẹ́rí padà. Ó tiẹ̀ sọ fún mi pé òun ti ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ẹsẹ̀ máa dun Mà-jí díẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kì í ṣe púpọ̀ o, ìwọ̀n tí kò ní lè wọ mọ́tò. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú rẹ̀, mo pa á mọ́ra.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kò sọ fún Àlájà. Mo ní: "Ìyá ẹ ló ni orin, ìyá ẹ ló ni àsàlátù. Kí ló dé tó o kò sọ fún un kó mọ ohun tó máa ṣe?"

"Mo ti lọ, Aǹtí. Mo ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ìgbà mélòó kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀, orin yẹn ló máa ń kọ lọ́wọ́. Ó ń mu omi atalẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè là. Kí n wá wọlé kí n sọ pé kí ni? Pé, Màmá, ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe, ère ni?" Ó bú sẹ́kún. "Ká ní mi ò kọ́ èdè yìí ni, mi ò bá má mọ̀. Gbogbo wa ò bá má mọ̀."

Ó yọ íápíìsì kúrò létí, kò fi í sí i mọ́. Abọ́ ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ tó bá gbé wá, bó ṣe gbé e wá ló ń gbé e lọ. Mà-jí á kọrin lórí àga rẹ̀, á dúró kó gbè é, Suwaibat á máa ka ìdérí ìkòkò tí a ti kà. Èmi alára, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ọjọ́ Sọ́ńdè náà.

Sọ́ńdè dé. Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run dárí jì mí. Mo wé gèlè mi tó bo etí, mo sì lọ jókòó sábẹ́ kánópì tí wọ́n ta síwájú mọ́sáláṣí. Àwọn obìnrin kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn nínú ìborùn funfun. Wọ́n ti gbé Àlájà Àsíátù jókòó sórí àga ọlọ́wọ́ níwájú, Ààfáà Lùkúmọ̀n wà lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Suwaibat rí mi, ó rọ́nà wá bá mi.

"Aǹtí, tó bá dé, ẹ gba nǹkan ọwọ́ ẹ̀. Ẹ ṣáà gbà á. Ẹ fi pamọ́ síbikíbi."

Ẹsẹ̀ kò dun Mà-jí. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọ̀gá pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó gbé ọ̀rá kan dání, òdòdó olómi ọsàn kún inú rẹ̀, àgbọn sì wà lórí rẹ̀. Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gba ọ̀rá náà bí ẹni gba ẹrù ìyá ọkọ, mo sì tì í sábẹ́ àga mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó rò pé mo máa gbé e wá tó bá tó àkókò. Ìtìjú bá mi.

Wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n ṣe wáàsí. Àsìkò orin dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sẹ́nu Àlájà Àsíátù, ó sì dá a. Kí n má purọ́ fún yín, ohùn ìyá yẹn ti gbó, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n irun ara mi dìde. Àwọn obìnrin gbè é. Ìgbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ kejì ni Mà-jí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó sì gbé Híńdì tiẹ̀ lé orí Yorùbá wọn, ohùn rẹ̀ lọ sókè ju ti gbogbo wọn lọ.

Ariwo ayọ̀ sọ. Òyìnbó Íńdíà mọ orin wa! Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan gbé fóònù sókè. Suwaibat dúró lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí orin parí, Ààfáà Lùkúmọ̀n mú ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn rárá. "Màṣáà Allah. Ẹ jẹ́ kí àlejò wa bá wa sọ̀rọ̀ ṣókí. Mo gbọ́ pé Suwaibat ọmọ Àlájà gbọ́ èdè wọn. Ó máa túmọ̀ fún wa."

Wọ́n mú Mà-jí lọ síwájú. Ó sọ̀rọ̀. Kò gùn. Mi ò gbọ́ Híńdì, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe tún pa ọwọ́ pọ̀, tó gbé ojú sókè, tó sì nawọ́ sí gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀. Suwaibat sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ohun tó wí ni pé láti kékeré lòun ti ń fi orin yìí kí òrìṣà òun láràárọ̀, pé inú òun dùn pé àwọn obìnrin ilẹ̀ tó jìnnà báyìí náà ń kí i.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí Suwaibat.

 Ó wo Ààfáà, ó wò mí. Mo mọ̀ pé méjì ló wà níwájú rẹ̀: kó parọ́ níwájú mọ́sáláṣí, tàbí kó fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìyá rẹ̀ jẹ́.  "Túmọ̀ fún wa o!" ni àwọn obìnrin ń wí. "Suwaibat, kí ló wí?" Ààfáà ti dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ń wo ọwọ́ Mà-jí tó ṣì wà ní pípapọ̀.

"Suwaibat." Àlájà Àsíátù ló sọ̀rọ̀, láìyí ọrùn padà. "Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ ohun tó wí. Orin òrìṣà wọn ni."



"Àlájà," Ààfáà ní, "ẹ mọ̀?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Ààfáà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ọwọ́ Suwaibat títí ó fi rí i. "Mo fojú mi rí ère náà. Ẹ̀pà ni mò ń tà nínú ilé sinimá ní Ajégúnlẹ̀ nígbà yẹn, ìwọ yìí lo wà lẹ́yìn mi. O ti dákẹ́ láti ọ̀sán. Ọmọdé ni mí, mi ò ní ìyá nítòsí, mo rò pé oorun lò ń sùn. Ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí bí obìnrin inú fíìmù yẹn ṣe tẹ́ ọmọ tiẹ̀ sílẹ̀ ni mo tó fọwọ́ kàn ẹ́. Ara ẹ ń jó bí iná. Ojú ẹ ti yí sókè. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí obìnrin yẹn ń sọ, àmọ́ ta ni kò ní mọ ohun tí ìyá tó bá gbé ọmọ sílẹ̀ báyẹn ń tọrọ? Mo da ẹ̀pà nù, mo sáré. Ohùn ẹ̀ yẹn ni mo fi ń ké pe Ọlọ́hun títí mo fi dé ọsibítù, torí mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ààfáà, ère wọn, mo fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹkún yẹn nìkan ni mo mú."

Ààfáà Lùkúmọ̀n gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu.

"Mi ò wo fíìmù náà tán," Àlájà ní. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa bi. Suwaibat, ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Bá mi bi í. Ọmọ obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó yè?"

Suwaibat yíjú sí Mà-jí. Kò ní láti wá Híńdì ìyẹn kiri. Ọmọ, ìyá, ikú, ìyè, gbogbo orin tó ti kọ́ láti kékeré ló wà nínú wọn. Ó bi í. Mà-jí wò ó, ó wo Àlájà lórí àga, ó sì rọra mi orí.

Suwaibat kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Kò yè, Màmá."

Àlájà Àsíátù tẹ̀ síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀.

"Tèmi yè," ó ní.

Ó na ọwọ́ kejì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ààfáà bá a dì í mú sí ẹnu. Ó tún dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Suwaibat kò lè gbè é. Àwa tó kù la gbè é.